Òṣòdì àti Ìsọlọ̀: Bí Òṣìṣẹ́ Ṣe Lè Rí Owó Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Ó Kéré Jù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ní Ìsọlọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Erékùṣù Èkó, mọ̀ pé owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí oúnjẹ tó wọ inú ilé, kí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tó jáde, owó ọkọ̀ ti mú tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, líta epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦500 ní Èkó. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ baálé ilé àti ìyàwó ilé ti ń béèrè ìbéèrè kan náà: ọ̀nà wo ni a lè gbà dé ibi iṣẹ́ tí owó oṣù kò fi ní tán sí ojú títì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dáhùn pé, “Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin.” Ìdáhùn náà dára, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé owó tí ó kéré jù kì í ṣe iye tí wọ́n ń gbà ní ibùdókọ̀ nìkan. Àròpọ̀ gbogbo owó láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni. Bí ẹnìkan bá sì ní káàdì ẹ̀dínwó láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, káàdì náà lè yí gbogbo ìṣirò padà, bí ó bá mọ bí a ti ń lò ó, tí ó sì ń lò ó pẹ̀lú òtítọ́.

ILẸ̀ ÒṢÒDÌ ÀTI ILẸ̀ ÌSỌLỌ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ni Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n ìrìnnà àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Òṣòdì ni oríta. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Agége wá, ọ̀nà tí ó lọ sí Mushin, àti ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Apápá wá ti pàdé. Ibẹ̀ náà ni ojú irin gbà kọjá. Ìsọlọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú àtijọ́ tí ó ní ọba tirẹ̀, Ọ̀sọlọ̀ ti Ìsọlọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú irin kankan tí ó wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé ní Òkè-Afà, tàbí Ire-Akárí, tàbí Ìlasamàjà, ní láti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ mìíràn kí ó tó rí ọkọ̀ ojú irin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Dánfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, tàbí ẹsẹ̀ ara ẹni ni ó kù.

Ojú irin Òṣòdì kì í ṣe ọmọ àná. Ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Ìddó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, gba Òṣòdì kọjá. Àwọn àgbà tí ó ti pẹ́ ní Èkó kò jẹ́ gbàgbé bí ọjà Òṣòdì ti rí tẹ́lẹ̀. Lórí irin gan-an ni àwọn kan ń pàtẹ sí. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún, wọn a kó ọjà wọn sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, wọn a tún tẹ́ ẹ padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá palẹ̀ àwọn ìsọ̀ ojú títì àti ti ojú irin mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá alájà tí ó wà ní Òṣòdì lónìí.

Ìrìnnà ojú irin láàárín ìlú Èkó pàápàá ti pẹ́ lọ́kàn àwọn aṣáájú wa. Alhaji Látééf Jákàńdè tí ó jẹ́ gómìnà láti ọdún 1979 sí 1983 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìlú tí wọ́n pè ní Metroline, ṣùgbọ́n ìjọba ológun pa iṣẹ́ náà tì ní ọdún 1985. Èkó san owó ńlá lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí àlá yẹn tó ṣẹ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọkọ̀ Blue Line láti Mile 2 dé Marina. Ìrìn kìlómítà 13 ni, iná mànàmáná ni ó sì ń wà á. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024, èrò bẹ̀rẹ̀ sí wọ Red Line, tí ó jẹ́ kìlómítà 27. Ibùdókọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ: Agbádó, Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá àti Òyìngbò. Epo dísù ni tirẹ̀ ń lò, ó sì ń bá ọkọ̀ tí ń lọ sí Ìbàdàn pín ojú irin kan náà. Nítorí èyí, kò lè máa dé ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú bí dánfó. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ àkókò rẹ̀ dájú kí ó tó kúrò nílé.

KÁÀDÌ COWRY

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì ọkọ̀ ojú irin Èkó. Káàdì tí à ń pè ní Cowry ni wọ́n ń lò, káàdì yìí kan náà ni a sì ń fi wọ bọ́ọ̀sì BRT. A ó kó owó sínú rẹ̀, a ó fi kan ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń wọlé, a ó sì tún fi kan ẹ̀rọ nígbà tí a bá ń jáde. Kíkàn ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń fojú kéré. Bí ọ̀nà bá ti jìn sí ni owó ti pọ̀ sí. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ibi tí o sọ̀ sí, ó lè gba owó gbogbo ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ó ti Òṣòdì lọ sí Mushin kò yẹ kí ó san owó ẹni tí ó lọ sí Òyìngbò.

Ẹ̀dínwó ti gbogbo èrò tún wà nígbà mìíràn. Nígbà tí epo wọ́n ní ọdún 2023, ìjọba Èkó gé owó ọkọ̀ tirẹ̀ sí ìdajì láti oṣù kẹjọ. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí Blue Line bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ₦375 ni èrò san láti Mile 2 dé Marina dípò ₦750. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹ̀dínwó yìí dín kù sí ìdámẹ́rin. Ìjọba àpapọ̀ náà jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ ọkọ̀ ojú irin iléeṣẹ́ rélùwéè lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò Kérésìmesì ọdún 2023, àti láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2024 dé ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2025. Àǹfààní báyìí a máa dé, a sì máa lọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ìṣirò ọdún kan lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ ìròyìn rẹ̀ yóò san owó tí aládùúgbò rẹ̀ kò san.

Ọ̀NÀ MÉJÌ LÁTI ÌSỌLỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò. Ará Ìsọlọ̀ tí ó ń lọ sí Erékùṣù Èkó ní ọ̀nà méjì tí ó lè fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà kìíní ni kí ó lọ sí Òṣòdì, kí ó wọ Red Line dé Òyìngbò, kí ó sì tún wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀ sọdá sí Erékùṣù. Ọ̀nà kejì ni kí ó gba ọ̀nà márosẹ̀ láti Ìyànà Ìsọlọ̀, kọjá Cele, dé Mile 2, kí ó wọ Blue Line tí yóò gbé e dé Marina tààrà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ ronú kan ọ̀nà kejì yìí, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ń lọ.

Àwọn iye tí a ó lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, kí ìṣirò lè yé wa. Ẹ fi owó tí ẹ ń san gan-an rọ́pò wọn. Ká ní kẹ̀kẹ́ dé Òṣòdì jẹ́ ₦400, ọkọ̀ ojú irin ₦600, bọ́ọ̀sì láti Òyìngbò ₦500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,500. Ká ní dánfó dé Mile 2 jẹ́ ₦700, ọkọ̀ ojú irin ₦600, tí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Marina dé ọ́fíìsì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,300. Owó ọkọ̀ ojú irin méjèèjì dọ́gba, síbẹ̀ ọ̀nà kejì fi ₦200 dín. Ní àlọ àti àbọ̀, ó di ₦400 lójúmọ́. Bí ènìyàn bá lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 nínú oṣù, ₦8,800 ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ń jáde kúrò nínú àpò.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba Èkó kéde ₦85,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba iye yẹn, tí ó sì ń ná ₦1,000 péré lójúmọ́ lórí ọkọ̀, ti fi ₦22,000 sílẹ̀ fún ọkọ̀ lóṣù. Ó lé ní ìdámẹ́rin gbogbo owó rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ahun ni ẹni tí ó bá jókòó ṣírò owó ọkọ̀.

BÍ KÁÀDÌ ÒṢÌṢẸ́ BÁ WÀ NÍBẸ̀

Ó pẹ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti ń fún òṣìṣẹ́ wọn ní àǹfààní láti wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Àṣà rélùwéè ni láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Apá kan owó iṣẹ́ ni. Àwọn bàbá wa tí ó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta mọ èyí dáadáa. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jákèjádò Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọjà wọ́n, tí owó wọn kò sì pọ̀ sí i. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò ní parẹ́ nínú ìjà náà. Ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà ṣì jẹ́ òtítọ́: ohun tí òṣìṣẹ́ ń ná kí ó tó dé ibi iṣẹ́, nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìṣirò wa. Ká ní iléeṣẹ́ kan fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní káàdì tí ó fi ń wọ Red Line lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí káàdì náà kò ṣiṣẹ́ lórí Blue Line. Ọ̀nà Òṣòdì tí ó jẹ́ ₦1,500 yóò di ₦900, yóò sì fi ₦400 dín sí ọ̀nà Mile 2. Bí ó bá jẹ́ ìdajì ni káàdì náà gé, ọ̀nà Òṣòdì yóò jẹ́ ₦1,200, èrè rẹ̀ kò sì ju ₦100 lọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ wá bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ₦100 tó láti fi dúró de ọkọ̀ ní Òyìngbò nínú òjò. Káàdì kan náà, ilé kan náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn yàtọ̀.

Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ tó yọ̀ mọ́ káàdì èyíkéyìí, kí ó bi ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́rin. Ọkọ̀ wo ni káàdì yìí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀? Ṣé ìrìn ibi iṣẹ́ nìkan ni, tàbí ti ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú? Ṣé ó kan ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ? Ṣé wọ́n yóò yọ nǹkan kan nínú owó oṣù nítorí rẹ̀? Kí ó sì béèrè bóyá bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà, nítorí bọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀bá ilé kọjá lè sàn ju ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ó jìnnà lọ. Ìgbà mìíràn sì wà tí owó ọkọ̀ tí ó kéré jù jẹ́ èyí tí a kò san rárá. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Gómìnà Sanwó-Olú kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ láti ìpele 1 dé 14 máa wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nítorí ìnira ọkọ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ irú káàdì yìí. Òṣìṣẹ́ Transport for London, iléeṣẹ́ tí ó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú náà, ń wọ ọkọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè yan ẹnìkan tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kan náà láti gba irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni. Kì í ṣe gbogbo ẹbí. Àwọn tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú British Rail kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1996 sì ní ẹ̀tọ́ láti san ìdámẹ́rin owó ọkọ̀ ojú irin fún ọ̀pọ̀ ìrìnàjò tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pín iléeṣẹ́ náà fún àwọn aládàáni. Ẹni tí kò ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ lè dín owó rẹ̀ kù bí ó bá yẹra fún wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 pàápàá ń wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí àgbàlagbà bá wà pẹ̀lú wọn.

KÁÀDÌ ÒṢÌṢẸ́ KÌ Í ṢE AṢỌ ẸBÍ

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọkàn wa. Bí ẹnìkan nínú ilé bá ní káàdì ọ̀fẹ́, kò ní pẹ́ tí àbúrò ìyàwó yóò fi sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní káàdì yín, mo fẹ́ yára dé Yábàá.” Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni káàdì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bí ọwọ́ bá tẹ àbúrò, ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò pè lẹ́jọ́ ní ibi iṣẹ́. Ó lè pàdánù káàdì, ó sì lè pàdánù iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí owó tí kò tó ra búrẹ́dì. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ó bá dàrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Ó sàn kí ẹ̀gbọ́n kó owó díẹ̀ sínú Cowry àbúrò rẹ̀ ju kí ó yá a ní káàdì òṣìṣẹ́ lọ. Àánú ni ti àkọ́kọ́. Ẹ̀tàn ni ti ìkejì, kódà bí a bá fi ìfẹ́ ṣe é.

Ọ̀nà àìsanwó mìíràn wà tí Èkó mọ̀ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí ó ń ti Ìddó lọ sí Ìjòkò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa gun orí òrùlé ọkọ̀, àwọn mìíràn a sì rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àyè kò sí nínú ọkọ̀ fún àwọn kan, lóòótọ́. Àwọn mìíràn kò sì fẹ́ sanwó. Àwọn kan já bọ́, wọn kò sì dìde mọ́. Kò sí owó ọkọ̀ tí ó wọ́n tó èyí. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín tí wọ́n ń kọjá ní Òṣòdì lọ sí ilé-ìwé. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ojú irin kì í ṣe ọ̀nà àbùjá, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò lè dúró lójijì bí dánfó.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ

Kí baálé àti ìyàwó jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú ìwé àti bírò. Kí wọ́n kọ gbogbo ọkọ̀ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń wọ̀ láti ilé dé ibi tí ó ń lọ, kí wọ́n sì kọ owó àti àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀nà kejì sí abẹ́ rẹ̀. Bí káàdì ẹ̀dínwó bá wà, kí wọ́n yọ iye rẹ̀ kúrò lórí ọkọ̀ tí ó kàn nìkan, kì í ṣe lórí gbogbo ìrìnàjò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dán ọ̀nà tí ó kéré jù wò fún ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbà pé ó dára, nítorí ìwé kò mọ̀ bí òjò ṣe ń rí ní Mile 2, kò sì mọ̀ bí èrò ti ń pọ̀ tó ní Òṣòdì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Owó tí ó bá sì ṣẹ́ kù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pòórá. Bí ₦8,800 bá jáde láti inú ìṣirò, ẹ fún un ní orúkọ: owó ìwé àwọn ọmọ, tàbí owó oògùn ìyá àgbà. Owó tí kò ní orúkọ kì í pẹ́ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kí Olúwa máa pa àlọ àti àbọ̀ wa mọ́, kí ó sì jẹ́ kí òógùn ojú wa bá ilé wa délé.